Ẹ Jẹ́ Ká Kọ́kọ́ Mọ Herring Gull: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Ṣáájú Ìrìn Wa sí Etíkun Folkestone

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú òtútù, ẹ sì kú làálàá, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ẹnu iṣẹ́ gba ibí wá tààrà. Lọ́jọ́ Sátidé, bí Ọlọ́run bá fẹ́, a ó wọ ọkọ̀ ojú irin ní St Pancras níbí ní London, a ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní Folkestone, ní Kent. Odidi ọjọ́ kan la ó fi kọ́ bí a ṣe ń dá àwọn ẹyẹ òkun tí wọ́n ń pè ní gull mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn. Ìjókòó alẹ́ yìí wà kí olúkúlùkù lè mọ ohun tí ojú òun yóò máa wá tí a bá débẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo gbé wá. Ní wákàtí àkọ́kọ́ tí a bá dé etí omi, ẹ jẹ́ ká fi gbogbo ẹyẹ yòókù sílẹ̀, ká gbájú mọ́ Herring Gull nìkan. Òun ni ẹ ń rí lórí òrùlé, lẹ́yìn ọkọ̀ akólẹ̀, níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹja díndín. Àwọn kan nínú yín ti ń bi mí bóyá a ó rí Caspian Gull. Àwọn mìíràn ń béèrè Glaucous Gull, èyí tó máa ń ti ìhà àríwá tí yìnyín pọ̀ sí wá nígbà òtútù. Ó yé mi, ara tèmi náà ń fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ Herring Gull dénú, bí Caspian Gull bà sí ẹ̀gbẹ́ bàtà rẹ̀, kò ní mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà ní ohun tó bá jọ ohun la fi í wé ohun, èèpo ẹ̀pà ló jọ pósí ẹ̀lírí. Ní gbogbo etíkun ilẹ̀ yìí, Herring Gull ni ohun tí a ó máa fi wé ohun. Bí a bá mọ̀ ọ́n tọmọdé-tàgbà, ẹyẹ tó bá yàtọ̀ á fúnra rẹ̀ yọ jáde láàárín wọn.

Kí ló fà á tí gull fi ṣòro tó báyìí? Ọmọ ẹyẹ Robin tó wà lẹ́yìnkùlé yín kì í pẹ́ tó fi ń jọ ìyá rẹ̀. Gull kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kéékèèké bíi Black-headed Gull ń lo bí ọdún méjì kí wọ́n tó gbé àwọ̀ àgbà wọ̀, Common Gull ń lo bíi mẹ́ta, àwọn ńláńlá bíi Herring Gull sì ń lo mẹ́rin. Jálẹ̀ gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ìyẹ́ ń jábọ́, òmíràn ń hù, àwọ̀ ara sì ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Kódà bí ẹyẹ bá dàgbà tán, àwọ̀ orí rẹ̀ nígbà ooru yàtọ̀ sí ti ìgbà òtútù. Akọ tún máa ń tóbi ju abo lọ, débi pé tọkọtaya Herring Gull lè dúró sí ojú kan náà kí ẹ rò pé ẹ̀yà méjì ni. Ká tó wá sọ ti oòrùn: bí ó bá ń ràn láti ẹ̀yìn ẹyẹ, àwọ̀ eérú á dà bí ẹni pé ó dúdú, bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, àwọ̀ kan náà á tún padà mọ́. Àwọn ẹ̀yà ńlá kan sì wà tí wọ́n máa ń bá ara wọn bímọ, tí ọmọ á jọ baba níbi kan, á jọ ìyá níbòmíràn.

Nítorí náà, kí a tó béèrè orúkọ ẹyẹ kankan lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ orí rẹ̀ la ó kọ́kọ́ béèrè. Ẹ jẹ́ kí n mú yín gba inú ọdún mẹ́rin Herring Gull kọjá, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá ń kúrò ní ìtẹ́ ní nǹkan bí oṣù Keje, gbogbo ara rẹ̀ ló jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀. Ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní etí tó mọ́, àgógó rẹ̀ dúdú, ẹyinjú rẹ̀ náà dúdú. Ẹni tí kò mọ̀ yóò búra pé kò bá òbí rẹ̀ tan. Bí òtútù àkọ́kọ́ ṣe ń wọlé, orí rẹ̀ á máa mọ́ díẹ̀díẹ̀, ìdí àgógó á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ní òtútù kejì, ẹ ó rí ìyẹ́ aláwọ̀ eérú tó ń yọ lẹ́yìn rẹ̀ láàárín àwọn ti àwọ̀ ilẹ̀, ọ̀kan níbí, méjì lọ́hùn-ún. Ìdí àgógó á ti di píǹkì, ẹyinjú á sì ti máa mọ́. Ní òtútù kẹta, ẹ̀yìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di eérú tán. Ìrù ti funfun, ṣùgbọ́n dúdú díẹ̀ ṣì kù níbẹ̀. Àmì dúdú sì yí àgógó po nítòsí ṣóńṣó. Nígbà tó bá fi di òtútù kẹrin, ẹyẹ tí gbogbo ayé mọ̀ ti dé: ẹ̀yìn eérú tó mọ́, ìrù funfun báláú, ṣóńṣó apá dúdú tí àmì funfun róbótó-róbótó wà nínú rẹ̀, àgógó yẹ́lò tó ní àmì pupa nísàlẹ̀, ẹyinjú yẹ́lò tó ń wo èèyàn láìṣẹ́jú, àti ẹsẹ̀ píǹkì. Ẹsẹ̀ píǹkì yẹn, ẹ dì í mú ṣinṣin.

Ẹ má sì retí orí funfun tí ẹ rí nínú àwòrán. Ní ìgbà tí a ń lọ yìí, ìlà wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ á ti bo orí àgbà Herring Gull wá dé ọrùn. Ó di ìparí òtútù kí orí náà tó tún funfun. Àwọn tó ń ti Norway àti àyíká rẹ̀ wá bá àwọn ti ilẹ̀ yìí nígbà òtútù máa ń tóbi ju tiwọn lọ, ẹ̀yìn wọn sì máa ń dúdú díẹ̀ sí i. Ẹ̀yà kan náà ni gbogbo wọn. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rí ọ̀kan tó gbọ̀ngbọ̀n láàárín wọn kó sì sáré fún un lórúkọ mìíràn.

Àmì pupa abẹ́ àgógó yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe, ìtàn rẹ̀ sì wù mí púpọ̀. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Niko Tinbergen, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, tó padà wá di olùkọ́ ní Yunifásítì Oxford. Ó gé páálí sí àwòrán orí gull, ó kun àmì aláwọ̀ oríṣiríṣi sí i, ó sì ń nà án sí àwọn ọmọ gull tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin láti mọ èyí tí wọn yóò ṣá. Ó rí i pé àmì pupa ń fa ọmọ mọ́ra gan-an ni. Bí ọmọ bá ti ṣá àmì náà lẹ́nu òbí, òbí á bi oúnjẹ jáde fún un. Páálí àti ọ̀dà ni ó fi ṣe iṣẹ́ yìí, òun àti sùúrù. Ní 1973, wọ́n fún òun, Konrad Lorenz àti Karl von Frisch ní Ẹ̀bùn Nobel nítorí ohun tí wọ́n ṣàwárí nípa ìwà ẹranko. Bí ẹ bá rí àmì pupa yẹn nínú awò yín lọ́jọ́ Sátidé, ẹ rántí pé ebi ọmọ ló wà fún.

Tí a bá ti mọ àgbà Herring Gull, àwọn àgbà yòókù kò ní le. Lesser Black-backed Gull fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o ní títóbi, àmọ́ ara rẹ̀ ló rọra tínrín, apá rẹ̀ gùn kọjá ìrù dáadáa, àwọ̀ eérú ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń lọ sí dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ yẹ́lò. Great Black-backed Gull ni gull tó tóbi jù lọ lágbàáyé. Bó bá na apá méjèèjì, ó lè ju mítà kan àbọ̀ lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ píǹkì, àgógó rẹ̀ sì nípọn. Bó bá bà sórí àpáta, àwọn yòókù á yà fún un, ẹ ó rí i. Common Gull kéré sí wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò tó ní àwọ̀ ewé nínú, ẹyinjú rẹ̀ dúdú, ojú rẹ̀ tutù. Black-headed Gull ni ẹ ó rí jù lọ nínú àwọn kéékèèké: àgógó pupa, ẹsẹ̀ pupa, àmì dúdú kan lẹ́yìn ojú. Nígbà ooru, gbogbo iwájú orí rẹ̀ á di àwọ̀ ṣokoléètì; ní òtútù, àmì kan yẹn ló máa ń kù. Bó bá fò, ẹ wo iwájú apá rẹ̀: funfun ni láti ọrùn ọwọ́ apá dé ṣóńṣó. Kò sí èyí tó rọrùn tó o láti mọ̀ lójú òfúrufú.

Ibi tí a ó dúró sí gan-an ni Copt Point, ní ìlà oòrùn èbúté Folkestone, nísàlẹ̀ East Cliff. Nígbà tí òkun bá fà sẹ́yìn, àpáta máa ń yọ níbẹ̀, àwọn ẹyẹ á sì bà sórí rẹ̀. Láti ìgbà ìwọ́wé wọ inú òtútù, ibẹ̀ wà lára ibi tó dára jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti rí Mediterranean Gull. Wọ́n máa ń tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún níbẹ̀, ohun tí àwọn tó ń wo ẹyẹ nígbà àwọn bàbá wa kò lè fọkàn rò, nítorí 1968 ni ẹyẹ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́kọ́ pa ọmọ ní Britain, ní Needs Ore ní Hampshire. Nígbà ìrúwé, orí rẹ̀ á dúdú bíi kóró iṣin, ó sì yàtọ̀ pátápátá sí ti Black-headed Gull tó jẹ́ ṣokoléètì. Ní àsìkò tí a ń lọ yìí, dúdú orí náà á ti ṣí, á ku ohun tó ṣókùnkùn díẹ̀ láti ojú lọ sí ẹ̀yìn etí. Nítorí náà, apá ni kí ẹ wò. Àgbà Mediterranean Gull kò ní dúdú kankan ní ṣóńṣó apá. Ó funfun títí dé òpin. Bí ó bá fò kọjá níwájú àpáta tó ṣókùnkùn, ẹ ó rò pé iná ló tàn. Àgógó rẹ̀ pupa, ó sì nípọn ju ti Black-headed Gull lọ. Bí ẹ bá rí èyí tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tó ní ilà dúdú díẹ̀díẹ̀ ní ṣóńṣó apá, ọ̀dọ́ tó wà ní òtútù kejì ni. Ẹ sì fetí sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń gba imú jáde, á gòkè, á tún sọ̀ kalẹ̀, àwọn yòókù kì í ké bẹ́ẹ̀.

Àwọn aláwọ̀ ilẹ̀ ló kù, àwọn ọmọ ọdún kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọjá lára wọn pé "ọmọ gull ni", wọ́n á sì lọ wo àwọn funfun. Èmi ò gbà pẹ̀lú wọn. Níbi àwọn ọmọ ọdún kan la ti ń mọ ẹni tó ń wo ẹyẹ ní tòótọ́. Ọmọ Herring Gull àti ọmọ Lesser Black-backed Gull lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí koríko, kí wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ìyàtọ̀ lójú ẹni tó ń kánjú. Ẹ gbé awò olójú méjì yín sójú, ẹ wo àwọn ìyẹ́ gbọọrọ tó bo ẹ̀yìn ara ẹyẹ níbi tí apá ti kán wọ orí ìdí. Ti ọmọ Herring Gull, etí tó mọ́ lára ìyẹ́ náà gé sínú, gé síta, gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí wọ́gọwọ̀gọ. Ti ọmọ Lesser Black-backed, ìyẹ́ náà dúdú, etí tó mọ́ sì tínrín, ó sì dán, kò gé. Tí wọ́n bá wá fò, ẹ wo àárín apá. Ọmọ Herring Gull ní ibi kan tó mọ́ níbẹ̀, lẹ́yìn ṣóńṣó tó dúdú, tí ìmọ́lẹ̀ máa ń gbà á kọjá. Ti Lesser Black-backed dúdú láti etí dé etí. Ẹni tó bá ti rí ohun méjì yìí lẹ́ẹ̀kan, títí ayé ni ó máa rí i.

Nígbà tí a lọ ní ọdún tó kọjá, mọ́mì kan wà láàárín wa tí wọ́n ní àwọn ò wá wo ẹyẹ, ọmọ wọn ló fà wọ́n wá. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n fi gèlè bo etí nítorí atẹ́gùn. Àwa ń jiyàn lórí ẹyẹ aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó wà létí omi, ẹnì kan ń pè é ní èyí, ẹnì kejì ń pè é ní ìyẹn. Mọ́mì ní, "Ẹ tiẹ̀ wò ó ná, ṣé ẹ ò rí i pé ó ń tọrọ oúnjẹ ni?" A wò, lóòótọ́. Ẹyẹ náà ká ara jọ, ó rẹ orí sílẹ̀, ó ń mi orí sókè sódò, ó ń ké wíì wíì, ó sì ń tẹ̀ lé àgbà Herring Gull kan kiri. Mọ́mì ní, "Ọmọ ẹ̀ ni. Kò sí ọmọ tó ń sunkún oúnjẹ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn àjèjì." Ìyàn parí. A wá yẹ ìyẹ́ ìdí apá rẹ̀ wò: ó gé sínú, gé síta. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá pé ìwà ẹyẹ náà wà lára ohun tí à ń kà, kì í ṣe àwọ̀ nìkan. Mọ́mì náà wà níjokòó yìí, mo kí yín, mà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí a lọ ní ẹgbẹ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Bí a ó ṣe ṣe é rèé: ẹni tó bá rí ẹyẹ kan kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀. Kó ṣàpèjúwe rẹ̀ fún àwa yòókù. Báwo ló ṣe tóbi sí Herring Gull tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Àwọ̀ ẹsẹ̀ ńkọ́? Àgógó? Ẹ̀yìn? Ṣóńṣó apá? Kí ló ń ṣe? Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹnikẹ́ni tó ní orúkọ lẹ́nu á tó sọ ọ́, á sì sọ ohun tó rí tó fi mọ̀. Bí orúkọ bá ti kọ́kọ́ jáde, ojú gbogbo wa á bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí etí gbọ́. Bí a kò bá rí ọ̀rọ̀ náà yanjú, a ó kọ "gull tí a kò dá mọ̀" sínú ìwé, a ó sì máa lọ. Àwọn tó ti lo ogójì ọdún nídìí iṣẹ́ yìí ń kọ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ojú kò tì wọ́n, kò sì gbọdọ̀ ti àwa náà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ nípa bí àwọn èèyàn ṣe ń rí Herring Gull. Olè ni wọ́n ń pè é. Ìwé ìròyìn fẹ́ràn láti kọ bó ṣe já chips gbà lọ́wọ́ ọmọdé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Nígbà tí òfin ìmọ́tótó afẹ́fẹ́ ti 1956 dé, sísun ìdọ̀tí ní ààtàn dínkù, oúnjẹ tí àwa èèyàn ń dà nù wá ń dúró kalẹ̀ fún ẹyẹ. Òrùlé ilé sì dàbí àpáta fún un, kò sí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ níbẹ̀. Àwa la pè é wá. Lẹ́sẹ̀ kan náà, ní etíkun tó jẹ́ ilé rẹ̀, iye rẹ̀ ń já wálẹ̀. Láti 2009 ni wọ́n ti fi Herring Gull sínú àkọsílẹ̀ pupa, ìyẹn ti àwọn ẹyẹ tí ọ̀rọ̀ wọn ń kó ìdààmú báni jù ní ilẹ̀ yìí. Ní 2024, Great Black-backed Gull àti Common Gull náà wọ inú rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá rí wọn tí wọ́n pọ̀ lórí ọjà kan, ẹ má rò pé wọ́n pọ̀ níbi gbogbo. Òfin 1981 sì dáàbò bo ẹyẹ náà, ìtẹ́ rẹ̀ àti ẹyin rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n láìgba àṣẹ.

Ẹ gbé mọ́ínmọ́ín yín wá, ẹ gbé jọ̀lọ́ọ̀fù wá, atẹ́gùn ibẹ̀ ń pa èèyàn lébi. Ṣùgbọ́n ẹ má ju ohunkóhun sí ẹyẹ. Tí ọ̀kan bá sì ń rìn bọ̀ wá bá yín, ẹ tẹjú mọ́ ọn. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Exeter gbé chips sílẹ̀ níwájú Herring Gull ní Cornwall, èsì wọn sì jáde ní 2019: bí èèyàn bá ń wo ẹyẹ náà lójú, ó máa ń pẹ́ tó nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 21 sí i kó tó súnmọ́ oúnjẹ ju ìgbà tí èèyàn bá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tiẹ̀ wá rárá. Gull mọ̀ bí ojú wa bá wà lára òun.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, bọ́ọ̀sì kékeré tí a háyà á gbé wa gba etíkun lọ sí Dungeness. Òkúta wẹ́wẹ́ ni ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ títí tí ojú fi ń wò. Ẹ wọ bàtà tó le. Wọ́n máa ń wọ́ ọkọ̀ ìpẹja gun orí òkúta náà, ibi tí wọ́n bá sì ti ń tú ìfun ẹja ni àwọn gull ńlá máa ń kóra jọ sí. Ilé iṣẹ́ amúnáwá alágbára átọ́míìkì tó wà níbẹ̀ máa ń tú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sínú òkun tẹ́lẹ̀, àwọn gull á sì rọ́ lọ síbi tí omi náà ti ń ru sókè. Láti 2018 ni ilé iṣẹ́ ọ̀hún kò ti mú iná wá mọ́, wọ́n sì kéde ní 2021 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá, nítorí náà ibẹ̀ kò rí bíi tàtijọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹyẹ kò kúrò ní Dungeness. RSPB, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ ní Britain, ní ibi ààbò ẹyẹ tiwọn níbẹ̀ láti àwọn ọdún 1930, ilé àkíyèsí ẹyẹ sì wà níbẹ̀ láti 1952. Bí a bá máa rí Caspian Gull tí ẹ ń béèrè, ibẹ̀ ni: ẹsẹ̀ gígùn, àgógó gígùn tó tẹ́ẹ́rẹ́, orí kékeré, ojú kékeré tó dúdú. Ẹ ó ti lo gbogbo àárọ̀ pẹ̀lú Herring Gull nígbà yẹn, ojú yín á sì ti mú.

Mo tún fẹ́ sọ fún àwọn tó ń dara pọ̀ mọ́ wa fún ìgbà àkọ́kọ́ pé ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò yín bí àjèjì létíkun. Láti 2020 tí Ollie Olanipekun àti Nadeem Perera ti dá Flock Together, ẹgbẹ́ awòyẹ ti àwa aláwọ̀ dúdú àti àwọn mìíràn tí kì í ṣe òyìnbó, sílẹ̀ ní London yìí, àwọn tó ń wo ẹyẹ ti ń rí i pé àwa náà wà níbẹ̀. Awò olójú méjì ọrùn yín tó láti fi hàn pé ohun tí ẹ bá wá ni ẹ ń ṣe. Ẹni tí kò ní, ẹ bá mi sọ̀rọ̀ tí a bá ṣíwọ́. Mẹ́ta wà nílé tí a lè yá yín. Èmi á gbé awò awọ̀nàjíjìn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá, a ó sì máa wò ó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Awò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yìí ni a ó fi ka òrùka. Láti 1909 ni wọ́n ti ń fi òrùka irin sí ẹsẹ̀ ẹyẹ ní Britain, lónìí wọ́n tún ń fi òrùka ike aláwọ̀ sí ẹsẹ̀ gull, tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà tí a lè kà láti ọ̀nà jíjìn láìmú ẹyẹ náà. Tí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ kọ àwọ̀ òrùka náà, àwọ̀ lẹ́tà tó wà lára rẹ̀, ohun tí ẹ kà bó ṣe tẹ̀ léra, àti ẹsẹ̀ tó wà, ọ̀tún ni tàbí òsì. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i àti ọjọ́. A ó fi ránṣẹ́ sí euring.org, ojúlé íńtánẹ́ẹ̀tì àwọn tó ń fi òrùka sí ẹyẹ ní Yúróòpù, ẹni tó fi òrùka náà sí i á sì kọ̀wé padà fún wa, á sọ ibi tí wọ́n ti fi òrùka sí ẹyẹ náà lẹ́sẹ̀, ọdún tó jẹ́, àti gbogbo ibi tí àwọn èèyàn ti rí i láti ìgbà náà. Gull ńlá lè gbé ju ọgbọ̀n ọdún lọ, nítorí náà ìtàn náà lè gùn.

Èyí ni mo fẹ́ fi kan àwọn tó ń múra láti lọ sílé ní oṣù Kejìlá. Lesser Black-backed Gull tí a ó rí lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yà rẹ̀ kì í dúró de òtútù níbí. Wọ́n ń gba Spain àti Portugal kọjá, àwọn mìíràn ń dé Morocco, àwọn mìíràn ń bá a lọ títí dé Senegal àti Gambia, ẹ̀yà kan náà sì máa ń yọ ní etíkun Nàìjíríà. Sandwich Tern náà, ẹyẹ òkun tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní àgógó dúdú tí ṣóńṣó rẹ̀ yẹ́lò, máa ń pa ọmọ níbí, á sì lọ lo òtútù ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Bí ẹ bá wà ní Lẹ́kì tàbí Badagry nígbà ọdún, tí ẹ rí ẹyẹ òkun tó dúró sórí iyanrìn, tó ní ẹ̀yìn eérú tó ń lọ sí dúdú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò, ẹ má sún mọ́ ọn jù. Ẹ rọra yọ fóònù yín, ẹ fa àwòrán rẹ̀ súnmọ́, ẹ ya ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Bí òrùka bá wà níbẹ̀, ẹ fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́jọ́ yẹn gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ òru.